Ta Ló Ń Pín Ìpè? Ìbéèrè Yín Lórí Bí Ìpè Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Gbé E

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Àwọn kan ń pe ilé-iṣẹ́ ńlá, orin ni wọ́n ń gbọ́ títí. Àwọn mìíràn ní ọ́fíìsì kékeré káàkiri Òṣogbo, fóònù ń dún níwájú wọn, wọn kò mọ bí wọn ó ṣe pín in. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ojú tí oníkálukú fi ń wò ó ló yàtọ̀. Níbí, agbápè ni òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìpè; apínpè ni ẹ̀rọ tó ń pín ìpè fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Bí mo bá pe 300, ohùn ẹ̀rọ á ní kí n tẹ 1, kí n tẹ 2. Orin á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á gbé e. Tí ìpè bá já tí mo tún pè, ẹlòmíì ni màá bá pàdé, màá sì tún ro ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú sùúrù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ti sọ 300 di nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ lórí gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, nítorí náà síìmù tí ẹ fi pè ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ máa bá. Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ̀rọ wọn ti mọ nǹkan méjì: nọ́ńbà tí ẹ pè àti nọ́ńbà tí ẹ fi pè é. Ohùn tó ní kí ẹ tẹ 1 tàbí 2 ń wá ẹ̀kẹta, ìyẹn ìdí tí ẹ fi pè. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan máa ń mú ìró méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ti 1 jẹ́ 697 Hz àti 1209 Hz. Ìró yẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́, òun ló sì ń fi mọ ìlà tó máa tò yín sí: ìlà dátà, ìlà owó tí ẹ fi ra káàdì tí kò wọlé, ìlà síìmù tó sọnù.

Ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ ni apínpè ti gba iṣẹ́. Ó ń wo àwọn agbápè tó ti wọlé sórí ẹ̀rọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú ọ̀kan lára ipò mẹ́rin: ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó wà lórí ìpè, ó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tàbí ó ti dìde lọ jẹun. Àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ nìkan ló kàn án. Nínú wọn, ó máa ń yọ àwọn tó mọ iṣẹ́ ìlà yẹn sọ́tọ̀, bóyá tí wọ́n gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú, ó sì máa ń fún ẹni tó ti jókòó láìrí ìpè jù lọ. Tí ẹni yẹn kò bá gbé e láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá 15, apínpè á gbà á padà, á sì gbé e fún ẹlòmíì.

Ẹ rí i pé kò sí ibi tó ti béèrè pé ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ètò kan wà tó lè béèrè bẹ́ẹ̀: ó máa ń wo nọ́ńbà yín, ó máa ń wá agbápè tó gbé yín kẹ́yìn, ó sì máa ń dúró dè é díẹ̀ kó tó fi yín fún ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í tàn án, nítorí pé bí ẹ bá ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo, ìlà á gùn, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́wàá mìíràn jókòó lásán. Ohun tó ń gbà yín ni nọ́ńbà ẹjọ́, èyí tí agbápè máa ń fún ẹ̀sùn yín. Ẹ gbà á kí ẹ tó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìpè bá já, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá yanjú ẹjọ́ yín, nọ́ńbà yẹn náà ni ẹ máa mú dé ọ̀dọ̀ NCC lórí 622.

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì lè máa tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá pè tí kò tẹ nǹkan kan ńkọ́? — Ọmọ Ìgbọ̀nà

ÌDÁHÙN: Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ á dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn kan á gbé ìpè lọ bá ènìyàn, àwọn kan á gé e. Èyí tó ń gé e kò dára lójú tiwa, pàápàá ní ilé ìwòsàn àti ilé ìfowópamọ́, nítorí ẹni tí kò lè tẹ nǹkan kan ló nílò ènìyàn jù.

Tí Màmá bá ń lo fóònù onífọwọ́kàn, ojú fóònù máa ń ṣókùnkùn bí wọ́n bá gbé e sétí, bọ́tìnnì a sì pòórá. Kí wọ́n tan sípíkà, kí wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, kí ẹ fi àwòrán bọ́tìnnì tó wà lójú ìpè hàn wọ́n ṣáájú. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì kò ní wàhálà yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún ọ́fíìsì yín, ẹ jẹ́ kí èdè ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ má ṣe ju ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ẹ sọ ìdí ṣáájú nọ́ńbà: “Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó wà lórí àkáǹtì yín, ẹ tẹ 1.” Tí ẹ bá sọ nọ́ńbà ṣáájú, ẹni tó ń gbọ́ á ti gbàgbé rẹ̀ kí ẹ tó dé ìdí. Ẹ fi 0 sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ fún ẹni tó máa kà á sórí ẹ̀rọ. A ti gbọ́ àwọn kan tí ó dà bíi pé àlejò ló ń kà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní fóònù mẹ́fà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í mọ èwo ni kí wọ́n pè. A fẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó máa pín ara rẹ̀. Kí la máa rà, kí sì ni ká ṣọ́ra fún? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Alékúwodò

ÌDÁHÙN: Ẹ kò nílò ohun tí owó rẹ̀ pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Nǹkan àkọ́kọ́ ni láìnì. Ẹ gba èyí tí wọ́n ń pè ní SIP, tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí NCC fún ní àṣẹ, kí ẹ sì béèrè pé ìpè mélòó ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì. Nọ́ńbà kan lè gbé ìpè mẹ́wàá pa pọ̀ bí ẹ bá sanwó ọ̀nà mẹ́wàá. Bí ẹ bá san ti méjì, ẹni kẹta tó pè á gbọ́ pé láìnì dí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ń fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ gba ọ̀nà tó ju iye agbápè lọ, nítorí àwọn tó wà lórí ìlà tí wọ́n ń gbọ́ orin náà gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Fún ènìyàn mẹ́fà, mẹ́wàá bójú mu.

Nǹkan kejì ni apínpè fúnra rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní PBX. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, Asterisk, èyí tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ọ̀fẹ́ ni. FreePBX ló ń fún un ní ojú ìwé tí ẹ lè fi máúsì tẹ̀, kí ẹ má bàa máa kọ ọ́ lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ní RAM 4 GB tó fún ìpè tí kò tó ogún. Bí kò bá sí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ láàárín yín, ẹ san owó oṣù fún ilé-iṣẹ́ tó gbé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ò rò pé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú owó ọlọ́wọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ sọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó lè rìnrìn àjò lọ́la.

Ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n á fi gbé e: fóònù orí tábìlì tó ń lo wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí áàpù lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú headset oníwáyà. Ẹ yẹra fún Wi-Fi fún ohùn bí ẹ bá lè fa wáyà.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ìpè kan tó ń lo G.711, tó jẹ́ ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti fi sọ ohùn di dátà, ń gba nǹkan bí kílóbíìtì 87 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìlọ, iye kan náà ní àbọ̀. Ìpè mẹ́fà kò tó mẹ́gábíìtì 1. Ní ti dátà, wákàtí kan lórí ìpè kan jẹ́ nǹkan bí MB 78. Ìyára kọ́ ni ìṣòro ìlú wa bí kò ṣe ìdúróṣinṣin: ohùn á máa gé bí ohun tó sọnù lójú ọ̀nà bá kọjá 1 nínú 100; bí ìdádúró ní ìlọ nìkan bá sì kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 150, ẹ ó máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín.

Iná wá ńkọ́? Fóònù mẹ́fà ní wáàtì 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30. Fi kọ̀ǹpútà kékeré wáàtì 30 kún un, àti róútà pẹ̀lú switch (àpótí tó ń pín wáyà íntánẹ́ẹ̀tì) wáàtì 25. Gbogbo rẹ̀ kò ju 85 lọ. Bátìrì inverter fóòtì 12, 100 Ah, ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Tí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí, ẹ má ṣe lò ju ìdajì lọ, ìyẹn 600. Bí inverter fúnra rẹ̀ bá ti jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó rí bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ má ṣe fi fáànù sórí inverter yẹn. Ẹnì kan á sáà fẹ́ gbé e sí i.

Nọ́ńbà àtijọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti mọ̀, ẹ má ṣe jù ú nù. Lórí síìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ \*\*21\*, nọ́ńbà tuntun, lẹ́yìn náà #, kí ẹ pè é. Gbogbo ìpè tó bá dé ibẹ̀ á máa ṣí lọ sórí nọ́ńbà tuntun; ##21# ló ń fagi lé e. Síìmù yín ló máa san owó ìṣílọ náà, torí náà ẹ fi káàdì sí i, kí ẹ sì ṣe é fún oṣù díẹ̀ péré títí wọn á fi mọ tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Agbápè ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Gbọ̀ngán. Èmi ni ìpè ń wá bá jù. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ló ń pín in, pé kò sí ojúsàájú. Ṣé òótọ́ ni? — Ó ti rẹ̀ mí

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ń pín in. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ṣe pín in, ibẹ̀ sì ni kí ẹ wò.

Ìfura lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Almon Strowger, tó ń ṣètò ìsìnkú ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, gbà pé ẹni tó ń so ìpè pọ̀ nílùú náà ń darí oníbàárà òun sọ́dọ̀ ẹlòmíì tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó bínú, ó dá ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ láìsí ènìyàn, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1891. Ẹ̀rọ kò gbọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ àṣẹ.

Lórí Asterisk, àṣẹ náà ní orúkọ. Bí wọ́n bá kọ “linear”, ìpè á máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú àkọsílẹ̀, ní gbogbo ìgbà. Bí orúkọ yín bá jẹ́ àkọ́kọ́, ẹ ti rí ìdáhùn yín. “Ringall” máa ń jẹ́ kí gbogbo fóònù dún pa pọ̀. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá ló máa ń gbé e, ọ̀lẹ á kàn máa wojú rẹ̀. Ó dára fún ènìyàn méjì mẹ́ta, kò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Rrmemory” ń lọ yíká, ó sì rántí ibi tó dúró sí. “Fewestcalls” ń wá ẹni tó parí ìpè tó kéré jù. Èyí dà bí òdodo títí ẹnì kan yóò fi dé ní ọ̀sán: òun ni ìkà rẹ̀ kéré jù, orí rẹ̀ ni gbogbo ìpè á sì máa rọ̀ lé títí yóò fi bá àwọn tó dé láàárọ̀. “Leastrecent” ń wá ẹni tí ìpè kò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù lọ, òun la sì fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì.

Ẹ tún wo nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá. Ìkíní ni penalty: nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ agbápè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní 0 ni ìpè ń kọ́kọ́ bá. Ẹni tó ní 1 kò ní rí nǹkan kan àyàfi bí ọwọ́ gbogbo àwọn tó ní 0 bá dí. Ìkejì ni iye ìlà tí wọ́n fi orúkọ yín sí. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá, tí wọ́n sì kọ yín sí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpè ìlà mẹ́ta ni ẹ ń gbé, ẹlòmíì ń gbé ti ẹyọ kan. Apínpè kì í sábà ro ìlà pọ̀ mọ́ra wọn nígbà tó bá ń wá ẹni tó kàn. Ìkẹta ni àwọn tó ń fi ara wọn sí ipò ìsinmi láti sá fún iṣẹ́. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ń fi ìṣẹ́jú ìsinmi oníkálukú hàn. Ẹ ní kí ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ kan. Pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yín kò ní jẹ́ ẹ̀sùn mọ́.

Bí fóònù yín bá ń dún nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìpè kan, kí wọ́n yí ètò apínpè tó ń jẹ́ ringinuse sí “no”. Bí ó bá ń dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ gbé èkíní kalẹ̀, wrapuptime, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ ń fún yín láàárín ìpè méjì, ni wọ́n fi sí òdo. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30 á jẹ́ kí ẹ parí ìkọ̀wé.

ÌBÉÈRÈ: Agbápè mélòó ló tó fún wa? A ń gba bí ìpè 100 ní wákàtí kan láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìpè kan máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ṣírò, mo rí márùn-ún. Àwọn oníbàárà sì ń bú wa. — Alábòójútó ilé ìfowópamọ́ kékeré, Ọláìyá

ÌDÁHÙN: Ìṣirò yín tọ̀nà, àwọn tó ń bú yín náà kò sì jẹ̀bi. Ìpè 100 lọ́nà ìṣẹ́jú 3 jẹ́ ìṣẹ́jú 300. Ẹ pín in sí 60, ẹ ó rí 5. Èyí ni wọ́n ń pè ní Erlang 5, orúkọ Agner Krarup Erlang, ọmọ Denmark tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen, tó sì tẹ òfin ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1917. Àmọ́ agbápè márùn-ún á tó nígbà tí ìpè bá ń wọlé létòlétò nìkan, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ìpè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin á wọlé pa pọ̀, ìṣẹ́jú kan á kọjá láìsí nǹkan kan, méje á tún dé. Ìṣẹ́jú tó ṣófo ti lọ, ẹ kò lè yá a padà fún ìgbà tí wọ́n bá rọ́ dé. Nítorí náà, pẹ̀lú márùn-ún, ìlà á máa gùn sí i títí àwọn ènìyàn á fi sú.

Ohun tí òfin Erlang sọ fún ipò yín nìyí. Pẹ̀lú agbápè 6, bí ènìyàn 59 nínú 100 ló máa dúró, ìdúró gbogbogbòò (tí a bá pín in dọ́gba fún gbogbo ẹni tó pè) á sì tó ìṣẹ́jú-àáyá 106. Pẹ̀lú 7, àwọn tó máa dúró á lọ sílẹ̀ sí 32, ìdúró á di 29. Pẹ̀lú 8, ènìyàn 17 ló máa dúró, ìdúró gbogbogbòò á di ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré. Ẹ wo bí ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ fi kún un láti 6 sí 7 ṣe gé ìdúró dé nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò ni pé kí wọ́n gbé ìpè 80 nínú 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20. Méje á gbé 74 fún yín, mẹ́jọ á gbé 88. Mẹ́jọ ni. Òfin yìí gbà pé kò sẹ́ni tó ń gé ìpè kí wọ́n tó dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan á gé e, nítorí náà ìdúró gan-an lè kéré díẹ̀ sí èyí tó sọ.

Mẹ́jọ tó jókòó sídìí fóònù ni o, kì í ṣe mẹ́jọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù. Ẹnì kan wà ní ìsinmi, ẹnì kan ń ṣàìsàn, ẹnì kan ń jẹun, ẹnì kan lọ kírun. Bí 30 nínú 100 àkókò wọn bá ń lọ báyìí, 8 tí a pín sí 0.7 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Bí ọwọ́ yín kò bá tó iye yẹn, kí àwọn tó wà ní káńtà mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé sórí ẹ̀rọ láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ajé àti ìparí oṣù. Ẹ ka ìpè yín ní ìlàjì wákàtí, ẹ má ṣe ka ti odidi ọjọ́ kí ẹ sì pín in; ọ̀sán tó dákẹ́ á bo àárọ̀ tó gbóná mọ́lẹ̀.

Nǹkan kan kù tí ẹ kò béèrè. Ẹ má ṣe pín àwọn mẹ́jọ yẹn sí méjì. A mọ ọ́fíìsì tó ń fi mẹ́rin sí ìlà ẹ̀yáwó, mẹ́rin sí ìlà ìfowópamọ́, torí ó wuyì lórí ìwé. Ìpè kan náà, ènìyàn kan náà, bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ń gba ìdajì: ìdúró gbogbogbòò á fò láti 10 sí nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 38. Ó dà bí ilé ìfowópamọ́ tí oníkáṣíà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ẹnì kan ń ka àpò owó lójú yín, oníkáṣíà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń tẹ fóònù. Kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́ méjèèjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi àwọn ẹ̀yáwó sí ìlà ìfowópamọ́ pẹ̀lú penalty 1, kí wọ́n máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tó bá gbóná.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ. Ní gbogbo ọdún ni ìpè máa ń bo hòtẹ́ẹ̀lì wa mọ́lẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. A ò lè gba òṣìṣẹ́ tuntun nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. — Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ìpè tí kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn rárá. Bí yàrá bá ti kún, kí ohùn ẹ̀rọ sọ ọ́ kó tó tò wọ́n sí ìlà: “Kò sí yàrá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun. Tí ẹ bá ti san owó yàrá tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ 1.” Ọ̀pọ̀ á dúpẹ́, wọ́n á gbé e kalẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ọdún bá parí.

Lẹ́yìn náà ni ìṣílọ. Ẹni tó bá dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 60 lọ lórí ìlà, kó ṣí lọ sí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Bí wọn kò bá gbé e ní 20, kó lọ sórí fóònù ọwọ́ alábòójútó. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń já sí kòtò. Bí fóònù alábòójútó bá kú tàbí tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ohùn ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ (voicemail) lè gbé ìpè náà, apínpè á rò pé ènìyàn ti gbé e, á fà á lé e lọ́wọ́, á sì jókòó. Oníbàárà á máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹ tan ètò tó ní kí ẹni tó gbé ìpè ní ìta tẹ 1 kó tó gbà á. Voicemail kò ní ìka.

Ẹ̀kẹta ni ìpadàpè. Bí ìdúró bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kí ẹ̀rọ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ pè wọ́n padà láìpàdánù ipò wọn. Kó ka nọ́ńbà wọn fún wọn gbọ́, torí ẹlòmíì fi fóònù aládùúgbò pè. Ẹ pè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ètò yìí dín owó tí oníbàárà ń san kù pẹ̀lú: lórí láìnì lásán, owó rẹ̀ ti ń lọ láti ìgbà tí ohùn ẹ̀rọ ti gbé ìpè, kì í ṣe ìgbà tí agbápè bá kí i.

Ẹ fi ìwọ̀n sí ìlà náà. Kí ẹni tó bá pè nígbà tí ogún ti wà níwájú gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere pé kó pè padà nírọ̀lẹ́, kó má wọ ìlà rárá. Ẹ tún yí ètò tó ń jẹ́ joinempty sí “no”, kí ẹni tó pè ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí agbápè kankan kò sí lórí ẹ̀rọ, má bàa máa gbọ́ orin títí káàdì rẹ̀ fi tán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ sọ pé èmi ni ẹnì kẹrin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ó ní ẹnì karùn-ún ni mí. Ṣé wọ́n ń fi mí ṣeré ni? — Ayétòrò

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹnì kan tí wọ́n fún ní ipò tó ga ju tiyín lọ ló wọlé, ó sì bọ́ síwájú yín: oníbàárà ńlá, tàbí ẹni tó fẹ́ ti káàdì tí wọ́n jí pa. Ti káàdì jíjí tọ́ lójú wa. Ọ́fíìsì tó bá ń lo irú ipò bẹ́ẹ̀, kó má ṣe ka nọ́ńbà ipò sétí ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: A ti gbé apínpè kalẹ̀, àmọ́ wàhálà mẹ́ta ń dà wá láàmú: nígbà mìíràn àwa ń gbọ́ oníbàárà, òun kò gbọ́ wa, tí wọ́n bá tẹ 2, ẹ̀rọ kì í gbọ́ ọ, ìpè máa ń já ní ìgbà kan náà, bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tí a bá gbé e. — Ògo-Olúwa

ÌDÁHÙN: Ìkíní àti ìkẹta sábà máa ń wá láti ibì kan náà: róútà. SIP máa ń kọ àdírẹ́sì sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó sọ ibi tí ohùn yóò máa lọ. Bí apínpè yín bá wà lẹ́yìn róútà, àdírẹ́sì inú ilé ló máa ń kọ, ẹni ìta kò sì lè dé ibẹ̀. Ohùn á máa gba apá kan. Bí ìdáhùn tó fi hàn pé ìpè ti wọlé kò bá sì rí ọ̀nà padà, ẹ̀rọ kejì á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 32, á gé e. Ìdí nìyẹn tó fi ń já ní ìgbà kan náà.

Ẹ wọ inú róútà, ẹ wá SIP ALG, ètò tó ń tún àdírẹ́sì inú ọ̀rọ̀ SIP kọ, ẹ pa á. Wọ́n ní ó wà láti ṣèrànwọ́, bíbàjẹ́ ló sábà ń bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àdírẹ́sì ìta yín àti ti inú ilé sínú ètò apínpè, kí ẹ darí ọ̀nà ohùn, UDP 10000 dé 20000, sórí rẹ̀. Ọ̀nà 5060 tí SIP ń gbà, ẹ jẹ́ kí àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní láìnì nìkan wọlé níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àwọn olè á wá orúkọ tí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ rọrùn, wọ́n á fi láìnì yín pe òkèèrè mọ́jú, ẹ̀yin lẹ ó san án.

Ti bọ́tìnnì 2 yàtọ̀. Bí ìpè bá ń lo G.729, tó ń fún ohùn pọ̀ kó lè gba àyè kékeré, fífún yẹn ń ba ìró méjì tí a sọ lókè jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bọ́tìnnì máa gba inú ohùn kọjá. Ẹ yan RFC 4733, èyí tó ń fi bọ́tìnnì ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí ohùn, lórí apínpè àti lórí láìnì bákan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yan ọ̀kan, tí èkejì yan òmíràn, 2 á sọnù. Ẹ sì fi síìmù orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dán an wò, nítorí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan lè kọ̀ lórí èkejì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè máa gba ohùn oníbàárà sílẹ̀? — Ilé ìwòsàn aládàáni kan, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ohùn ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Kí ohùn ẹ̀rọ sọ ọ́ kí agbápè tó kí wọn, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa pa á rẹ́ sílẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti àkọsílẹ̀ náà, kí agbápè sì dá gbígbà dúró nígbà tí aláìsàn bá fẹ́ ka nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ohùn G.711 tí ẹ kò fún pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi KB 480, ìyẹn bíi MB 29 fún wákàtí kan. Ẹ ṣírò dísìkì yín kó tó kún, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, bí dísìkì bá ti kún, apínpè fúnra rẹ̀ ló máa dákẹ́.